Òjìji Tí O Rán Sí Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá mi tutù débi pé orúnkún ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Ara mi le, iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ń lọ dáadáa, kò séwu rárá.

Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi wúwo díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Lórí fóònù, èmi á pariwo, ẹ̀yin á ní ẹ ò gbọ́ mi dáadáa, ẹ ó sì pa á. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiyín sọ fún mi pé láti ìgbà tí ọdún ti yí, ẹ ti ń lọ sí ọsíbítù lọ́tùn-ún lósì. Ó ní ẹ máa ń fi ọwọ́ di igbá àyà òsì mú bí ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀, pé oògùn ara ríro lásán ni wọ́n sì ń fún yín. Tí mo bá bi yín, ẹ ó ní òtútù ló wọlé. Òtútù wo ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo?

Mo ti bá yín wá ẹnìkan. Obìnrin ni, ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa bá aláìsàn lọ sí ọsíbítù, kó jókòó tì í, kó bá a béèrè ohun tí kò lè béèrè, kó sì rí i pé ohun tí dókítà wí yé e. Alágbàwí aláìsàn ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ká aṣọ níbi iṣẹ́ ló bá bàbá tirẹ̀ lò ó nílé, òun ló fún mi ní nọ́ńbà.

Yóò wá kí yín kí oṣù yìí tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sì ní kí wọ́n sọ fún un pé ẹ ò sí nílé nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ń ró lákọ.

Ọmọ yín,
Agídí


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Agídí ọmọ mi,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́. Mo gba ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin rẹ yá ju ìwé rẹ lọ. Ó ti jókòó sórí àga oníbàárà mi kí ẹni tó ń pín lẹ́tà tó kanlẹ̀kùn.

Alágbàwí! Kí ni mo jí? Ta ni mo lù? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ilé ẹjọ́ ni mo mọ̀ pé alágbàwí ń lọ. Nígbà tó ní òun ni alágbàwí mi, mo kọ́kọ́ rò pé ìyàwó tí aṣọ rẹ̀ fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ti gbé mi lọ sí kóòtù. Mo ti ń wá ibi tí n ó gbà jáde kó tó ṣàlàyé.

Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ kan tí kì í dún. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù, nítorí kò sí bí o ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé ẹ̀yìn rẹ. Ó wo yàrá mi yí ká: ó wo ibùsùn, ó wo oògùn tó wà lójú fèrèsé, ó wo àtẹ̀gùn tí mò ń gùn kí n tó dé ilé ìwẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní, "Mò ń wo ibi tí ẹ ń gbé ni, Màmá." Ìdáhùn wo nìyẹn? Olè náà a máa wo ibi tí èèyàn ń gbé.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́?" Mo wò ó. Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé nígbà wo ni n ó parí. Ìwọ a máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Onílé a máa bi mí pé owó ilé dà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́, àfi ẹni tó bá ní ọjà tó fẹ́ tà. Mo ní mi ò fẹ́ nǹkan kan. Ó ní kò burú, òun á tún padà béèrè.

Nígbà tí mo lọ sí ọsíbítù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó ti ń dúró dè mí. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, mo ní kó jókòó síbẹ̀. Ó jókòó lóòótọ́, kò janpata. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i. Ẹni tí a lé tí kò bínú, ó ní ohun tó ń wá. Mo ti sọ ọ́ ní Òjìji.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé o rán an kó máa ṣọ́ mi ni? Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé tọ̀ mí? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, bá mi sọ fún un pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń kùn nínú yàrá yìí.

Bá mi wá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó nípọn ránṣẹ́, èyí tó wà níbí ń ṣẹ́. Kí ló sì dé tí ìkọ̀wé rẹ ń wọ́ lọ sílẹ̀ lápá ìparí bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé o ń tòògbé ni?

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, adúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yín pa mí lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ débi pé ọ̀gá wa ń wò mí. Nínú ọkọ̀ ni mo ti kọ ìwé tọ̀hún, lórí ẹsẹ̀ mi, ìdí nìyẹn tó fi wọ́.

Kò wá ṣọ́ yín, mo fi ọlá bàbá mi búra. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá? Ẹ ní bí dókítà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ńṣe ni etí yín máa ń di, ẹ ó kàn máa mi orí, ẹ ó máa ní "ẹ ṣeun sà". Tí ẹ bá wá délé, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń rántí ni pé oògùn náà, lẹ́yìn oúnjẹ ni. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe wá a. Etí kejì ni mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ jẹ́ kó wọlé tọ dókítà pẹ̀lú yín lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lé e. Tó bá sì jáde, yóò sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún mi, ọkàn mi á wá balẹ̀. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gbà á.

Iṣẹ́ tiwa náà nìyí. Aṣọ ibùsùn á jáde látinú ẹ̀rọ tó gbóná, èmi á di igun méjì mú, ọ̀rẹ́ mi á di méjì mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó ká a, a ó tún fà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ń ya ọ̀lẹ, pé mo ń jẹ́ kí igun tèmi bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo ní àgbà ló ń kàn mí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín wà nínú àpò ìwé yìí.

Ọmọ yín,
Agídí


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Agídí,

Abẹ́rẹ́ dé, ó ń ṣiṣẹ́, o ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ròkè.

Mo jẹ́ kó wọlé. Kí o má bàa ní ìyá rẹ ò gbọ́ràn.

Dókítà náà kéré, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, báwo lara yín?" Èmi náà dá a lóhùn bí wọ́n ṣe tọ́ mi: "A dúpẹ́ o, dókítà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó ní dáadáa ni wọ́n wà. Ó tẹrí ba, ó kọ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti ń lọ, mo sì ti ń nawọ́ láti gba oògùn mi.

Ni Òjìji bá ní jẹ́jẹ́, "Màmá, dókítà ò kí yín o. Ó ń bi yín ni."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀, ó dà bíi pé kí n fi bàtà lu obìnrin náà. Ó yíjú sí dókítà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un bi wọ́n, kí ẹ sì fún wọn láyè díẹ̀." Ọmọ náà tún un bi mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìtìjú dì mí lẹ́nu pa. Ọkùnrin ni, ó sì kéré sí ọ. Ni Òjìji bá tẹ̀ sí mi létí, ó ní ṣé obìnrin ni mo máa fẹ́ kó yẹ̀ mí wò. Ó bi mí bí ẹni ń béèrè bóyá mo fẹ́ omi. Mo mi orí. Ó sọ fún dókítà, dókítà ò sì bínú, òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ pe dókítà obìnrin wá. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè.

Dókítà obìnrin wọlé, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n yẹ̀ mí wò. Ibẹ̀ ni n ó ti dúró. Má bi mí ní ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

Mi ò tíì sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Mo ṣì ń ti àpótí mi pa tó bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, mo sọ fún un pé ohun tó gbọ́ nínú yàrá yẹn, kó gbé e mì. Ó ní òun ti gbé e mì. N ó máa wò ó bóyá ó máa pọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ igun aṣọ tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ ò yé mi. Láti kékeré ni o ti ń bá mi ká aṣọ, ìgbà wo ni igun bọ́ lọ́wọ́ rẹ rí?

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ara mi le.

Kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi? Bí mo ṣe gba ìwé yín báyìí ni mo pe obìnrin yẹn. Mo kí i bó ṣe tọ́, mo ní kí ni dókítà wí. Ó ní, "Ẹ bi Màmá." Mo ní èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi Màmá." Mo pariwo, ó dúró kí n pariwo tán, ó tún ní kí n bi yín. Mo wá pè yín, mo bi yín, ẹ ní "a dúpẹ́".

Lẹ́yìn ìyẹn ni onídìrí wá sọ fún mi pé obìnrin náà ti gbé yín sínú takisí, pé ó gbé yín kọjá afárá lọ sí ọsíbítù mìíràn tí kì í ṣe tiyín. Ó ní nígbà tí ẹ padà dé, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni, obìnrin náà ló sì gbé báàgì yín lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá mi, mo ti gbọ́ nípa àwọn tó máa ń fa aláìsàn láti ọsíbítù kan lọ sí òmíràn, tí ọsíbítù á máa fún wọn ní nǹkan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Àbí ẹ rò pé lásán ni ẹnìkan á máa fi bàtà tí kì í dún tẹ̀lé yín kiri? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fura sí i, èmi ni mo ní kí ẹ gbà á. Ó ti wá di pé ẹ̀yin àti òun ní àṣírí, èmi ọmọ yín wà níta. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Mo ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró láti òní. Ẹ má jẹ́ kó wọlé mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ má fọwọ́ sí i títí èmi ó fi gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Agídí


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ Màmá,

Mo kí yín, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ẹ ò mọ̀ mí lójú, nítorí náà mi ò bínú sí ohun tí ẹ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti pè mí ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá gan-an wà lára wọn.

Iṣẹ́ mi ò ṣòro láti ṣàlàyé. Mo máa ń jókòó ti aláìsàn. Ohun tí kò bá yé e, èmi á ní kí wọ́n tún un wí. Ohun tó bá ń tì í lójú láti béèrè, èmi á bá a béèrè tó bá gbà mí láyè. Èmi kì í pinnu fún un, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọsíbítù kankan rí. Bí mo bá sì bá ẹnìkan lọ sí ọsíbítù mìíràn, òun ló ní ká lọ.

Ẹ̀yin lẹ wá mi rí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ń ro ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ pè mí. Bí Màmá bá ní kí n sọ, ẹ ó gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò tíì ní kí n sọ. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn fúnra wọn kọ̀wé sí yín, ó sì ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ ní ẹ ti dá mi dúró. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ bí a ṣe jọ sọ ọ́, kí n má sì pẹ́.

Ó ku ohun kan. Màmá máa ń ka lẹ́tà yín lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí ń fi nǹkan pamọ́." Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mi ò sì béèrè.

Èmi ni,
Ẹni tí Màmá ń pè ní Òjìji


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ara mi le.

Mi ò rí ìwé yín láti ìgbà tí mo ti kọ tèmi, àfi ti obìnrin yẹn. Fóònù yín ò lọ. Fóònù obìnrin yẹn ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Onídìrí ní ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ, pé òun ti kanlẹ̀kùn yàrá yín títí, òun ò gbọ́ ìró. Onídìrí tó máa ń gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ nílé ẹlòmíì, òun ló ní òun ò gbọ́ ìró!

Níbo ló gbé yín lọ? Kí lẹ fọwọ́ sí? Mi ò lè sùn. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi mú àlejò wá bá a. Bí ohunkóhun bá ṣe yín, orí mi ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ǹ bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jẹ́ kí n lè gbé ẹrù lásìkò yìí. Ẹ má bi mí ní èyí. Ẹ kàn fèsì, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Agídí


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Agídí mi, ọmọ tí mo bí nínú ara mi,

Gbé omi mu, kí o sì jókòó. Mo wà láàyè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, lórí ibùsùn mi, Òjìji sì ń po tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò mọ̀ ọ́n pò.

N ó sọ fún ọ báyìí. Kókó kan wà nínú ọmú òsì mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Níbi tí mo ti ń wẹ̀ ni mo ti fọwọ́ kàn án, mo fi aṣọ bò ó, mo lọ bá ẹ̀rọ mi. Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde. Mo ń lọ bá dókítà, mo ń retí pé yóò rí i láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, mo sì ń sọ fún un pé a dúpẹ́. Ọjọ́ kọ́tìnì yẹn ni wọ́n rí i.

Wọ́n mú bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn á pè mí. Wọn ò pè. Mo ní bí wọn ò ṣe pè, kò sí nǹkan nìyẹn. Òjìji ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ béèrè." A lọ, a bá èsì náà níbẹ̀, ó ti dé tipẹ́, oníkálukú ń rò pé ẹlòmíì ti pè mí. Jẹjẹrẹ ni. Mo ti kọ ọ́, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n.

Dókítà ní kí wọ́n gé ọmú náà. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Òjìji, mo ní bóyá òun àti àwọn dókítà ló jọ mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, Màmá. Ẹ mú ọsíbítù tí ẹ bá fẹ́, ká lọ gbọ́ tẹnu dókítà mìíràn." Èmi ni mo mú tòdìkejì afárá, nítorí mo mọ̀ pé kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹnu méjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà náà ló wá ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi níwájú dókítà. Mo sọ ọ́, mo ṣi ibì kan sọ, dókítà tún un ṣe, mo tún un sọ. Bí èmi náà ṣe ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn kí n tó gbé àlùmọ́gàjí.

Ó tún bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, pé kí ni mo fẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn. Mo ní mo fẹ́ kí apá òsì mi ṣì lè máa ti aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún mi nígbà tí mo ṣì wà láàyè. Ó sọ ti apá fún dókítà. Ti ẹkún, ó ní ọwọ́ èmi àtìwọ ló wà.

Mo fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti gé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì ní kí Òjìji má gbé fóònù rẹ tí o bá pè. Oògùn tó le ṣì kù níwájú, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ní báyìí mò ń fi ìka gun ògiri bí aláǹgbá láràárọ̀ kí apá lè là. Lánàá mo fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Bínú, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ fún ọ ni, ò bá fò wá, ò bá gba bírò lọ́wọ́ mi, ò bá ní kí n má fọwọ́ sí nǹkan kan títí ìwọ ó fi gbọ́. Èmi ni ara ń ro, ìwọ kọ́. Lẹ́ẹ̀kan yìí, mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo fọwọ́ sí ara mi. O dá Òjìji dúró, mi ò dá a dúró. Mo ti bá a rán aṣọ, ó ní ká fi ṣe owó iṣẹ́.

Ó ku ọ̀dọ̀ rẹ.

Mo to àwọn lẹ́tà rẹ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ti oṣù kejì ń wọ́ lápá ìparí. Ti oṣù kẹta ń wọ́ láti àárín. Ti oṣù karùn-ún, bí ẹni fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ ni. Èyí tó dé gbẹ̀yìn, ọwọ́ ẹlòmíì ni. O ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni ọ̀rẹ́ rẹ jókòó tì ọ́ kọ lẹ́tà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń di aṣọ mú? Igun aṣọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò lè gbé ẹrù. Síbẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tí o ò kọ "ara mi le" sí. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Nítorí náà, gbọ́. Mi ò kí ọ o. Mò ń bi ọ́ ni. Báwo lara rẹ?

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ìyá mi,

Ẹ foríjì mí, mi ò kí yín lónìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ibi tí ẹ kọ jẹjẹrẹ sí ni mo ti jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ibùsùn. Mo sunkún, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ ò fẹ́. Mo bínú sí yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín torí aláǹgbá.

Ara mi ò le. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú láti ìgbà òtútù. Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ọrùn ọwọ́ báyìí, ìrora rẹ̀ sì ń gun èjìká. Nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní kò sí nǹkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n máa lọ, pé ọwọ́ yìí ò ní padà jí mọ́, pé n ó padà wálé wá di ẹrù sí yín lórí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni báyìí rí.

Ẹ bá mi kí Òjìji. Ẹ ní mo tọrọ àforíjì. Ẹ ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń po tíì.

Ọ̀la ni mò ń lọ rí dókítà. Ọ̀rẹ́ mi máa bá mi wọlé. Mo ti sọ fún un pé tó bá ti rí i tí mo ń rẹ́rìn-ín sí dókítà, kó fi ìgúnpá gún mi. Bí wọ́n bá bi mí pé báwo lara mi, Ìyá mi, mi ò ní dúpẹ́.

Agídí